Okùn Tó Wà Lókè Orí Chi-hwan

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n gbá àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ti gbogbo ilẹ̀ Joseon ní ìlú Gyeongseong, àwọn àgbà ìlú wọ aṣọ funfun, wọ́n dé fìlà onírun ẹṣin, bí ẹni tí ààfin ránṣẹ́ pè. Ọdún kọkànlá nìyẹn tí Japan ti gba ilẹ̀ wọn. Ọlọ́pàá Japan kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó gbé idà lé itan. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ilé ló ń lọ. Ó wá ku ẹgbẹ́ Namsan ti Gyeongseong àti ẹgbẹ́ Taedong ti ìlú Pyongyang.

Ok Chi-hwan ni aṣọ́lé Taedong. Nudù tútù, oúnjẹ ìyẹ̀fun tó gùn bí okùn, ló ń tẹ̀ tà nílé. Apá rẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n ó kúrú. Torí kíkúrú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe mú un. Ní Pyongyang, òpó méjì lásán ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ga ju ibi tí ọwọ́ aṣọ́lé lè dé kì í ṣe góòlù. Ní Gyeongseong, wọ́n ti fa okùn koríko láti òpó kan sí èkejì. Wọ́n fi okùn náà han àwọn ará Taedong láàárọ̀, gbogbo wọn sì mi orí pé àwọn gbọ́.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, ará Namsan kan gbá bọ́ọ̀lù wálé. Chi-hwan fò sókè. Bọ́ọ̀lù gba òkè ìka rẹ̀ kọjá, ó sì gba abẹ́ okùn wọlé. Rẹfirí fọn fèrè.

Pyo Dal-su, balógun Taedong, sáré dé. "Góòlù ibo? Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ó ga ju ọwọ́ ẹ̀ lọ!"

"Abẹ́ okùn ló gbà," rẹfirí dáhùn.

"Okùn wo? Èyí tí ẹ fi ń sá aṣọ? Chi-hwan, sọ fún un! Ṣé ọwọ́ ẹ dé ibẹ̀?"

"Kò dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n góòlù ni. Ogún ìṣẹ́jú ṣì wà, ẹ jẹ́ ká dá a padà."

Ojú Dal-su pọ́n. "Ìwọ tí mo fà yọ nídìí ìkòkò nudù! Ó dáa. Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Òun lẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Àwọn mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e.

"Ẹ bá wa kí ìyá yín o!" ará Namsan kan pariwo. "Ẹ se nudù dè wá!"

Chi-hwan kò kúrò láàárín òpó. Ó pariwo tẹ̀ lé wọn: "Ẹ padà! Ẹ ò rí ọlọ́pàá tó jókòó síbẹ̀ yẹn? Ṣé ojú ẹ̀ la ó ti sá ni?"

Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Àwọn èrò ìlú méjèèjì ya wọ pápá, àgbà ń já fìlà lórí àgbà. Àwọn olùdarí ìdíje gbé ife ẹ̀yẹ padà sínú àpótí. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá yẹn dìde, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará Joseon. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ẹ ò lè gbá a parí láàárín ara yín."

Chi-hwan gbójú sókè, ó wo okùn tó wà lókè orí rẹ̀.

Nígbà tó padà délé, ó fa okùn sórí òpó Pyongyang. Àwọn ará ìlú já a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó so ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó di ọdún kejì, Dal-su wo okùn, ó wo Chi-hwan.

"Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ ṣe é. Aṣọ́lé gíga la nílò báyìí."

Ẹrù ẹgbẹ́ ni Chi-hwan bá wọn rù lọ sí Gyeongseong fún ìdíje kejì. Ife wà lórí tábìlì. Wọ́n ti pín ara rẹ̀ sí ìlà-ìlà fún orúkọ àwọn tó bá gbà á. Ìlà àkọ́kọ́, ti ọdún tó kọjá, ṣófo. Chi-hwan wò ó títí, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì lọ bá wọn so okùn.