Àpò Awọ Tó Ń Làágùn

Àpò tí mo rán fún ọmọ mi kì í gbẹ nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀, awọ rẹ̀ á le, á tutù bíi gbogbo nǹkan yòókù nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, tí mo bá gbọ́wọ́ lé e níbi tí mo gbé e kọ́ sí, màá rí i pé ó ti gbóná, omi á sì máa yọ lára rẹ̀. Mo fi ahọ́n kàn án lọ́jọ́ kan. Ó níyọ̀.

Awọ Toru ni, ẹṣin Taalay, ọkọ mi. Taalay gùn ún lọ wo àwọn àgùntàn wa lódìkejì òkè, yìnyín sì ya lulẹ̀ bo ojú ọ̀nà. Ẹṣin nìkan ló padà wálé. A wá Taalay títí yìnyín fi yọ́, a ò rí i. Toru kọ oúnjẹ, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kú. Mo ní kí wọ́n bá mi bó awọ rẹ̀.

Mi ò kọ́ṣẹ́ awọ níbì kankan. Orí tábìlì ìjẹun ni mo ti ń gé e, tí mo ń gún un, tí mo ń fi òwú tí mo fi ìda oyin pa rán an, kí ọwọ́ mi má baà ṣófo. Meerim, ọmọ mi, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Màámi, ẹ tún ti ṣe bẹ́líìtì mìíràn fún Bàbá Àgbà. Ìbàdí mélòó ni wọ́n ní?”

Ó kù díẹ̀ kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bishkek, olú ìlú wa. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rán àpò náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Batma, arúgbó ilé kejì, wá bá mi mu tíì. Ọwọ́ rẹ̀ kan àpò náà, ó yára fà á sẹ́yìn.

“Kalima, ta lò ń retí?” Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Mi ò retí ẹnikẹ́ni, mà.”

“Ẹṣin yìí ń retí ẹnìkan.”

Nígbà náà ló yé mi. Tẹ́lẹ̀, bí Taalay bá bá ọkọ̀ lọ sí ọjà ìlú, Toru á ti máa làágùn nínú ọgbà kí a tó gbọ́ súfèé ọkọ mi lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìborùn mi tó dára jù bí ọjọ́ bá ń rọ̀. Màá jókòó ti àpò náà, màá máa ròyìn ilé. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ súfèé lọ́nà jíjìn, lápá òkè. Kì í sún mọ́ tòsí.

Nígbà tí Meerim ń palẹ̀ mọ́, mo gbé àpò mìíràn fún un. Kò gbà á.

“Awọ Toru ni mo fẹ́, Màámi. Kò sí nǹkan Bàbá kankan lọ́wọ́ mi.”

Mo gbé e fún un. Lẹ́yìn tó lọ, mi ò gbọ́ súfèé lápá òkè mọ́.

Ó pè mí láti Bishkek nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ohùn rẹ̀ ò ju ìmí lọ.

“Màámi, àpò yìí ti rin gbingbin. Ẹnìkan ń súfèé lẹ́nu ọ̀nà mi. Orin Bàbá ni. Ṣé kí n ṣílẹ̀kùn?”

Mo gbọ́ súfèé náà nínú fóònù. Kò dé ẹnu ọ̀nà tèmi rí. Ẹṣin rẹ̀ ni Taalay ń tẹ̀ lé kiri láti ọjọ́ yìí, ó ń wá ọ̀nà ilé.

“Má ṣí i, ọmọ mi. Gbé fóònù sún mọ́ ilẹ̀kùn.”

Mo ní, “Bàbá Meerim, èmi ni. Toru délé, òun náà ti kú. Àwọn àgùntàn wà lálàáfíà. Ọmọ yín ló wà nínú yàrá yẹn, ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà á. Yìnyín ló pa yín, ọkọ mi. Ẹ lọ sinmi.”

Súfèé náà dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ tí Meerim rìn lọ síbi àpò náà.

“Màámi, ó ti gbẹ.”

Mo tú ìborùn orí mi, mo wá dúdú kan wé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo di opó.