Ọkùnrin Tó Tu Kọfí Dànù

Ọjọ́ tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ pàdé ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ kọfí ṣe, ìjà ni wọ́n fi kí ara wọn. Obìnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti ra ẹ̀rọ ẹsípírẹ́sò, ìyẹn kọfí líle, tí yóò máa lò nílé. Bó ṣe nawọ́ sí èyí tó ń dán jù ni ọkùnrin náà yọjú láti yàrá ẹ̀yìn, girísì lọ́wọ́.

"Ẹ má rà á. Ike ni gbogbo inú rẹ̀."

"Ṣé mo bi yín ni?"

"Ẹ ò bi mí. Ojú yín ló ń bi mí."

Aránṣọ pòṣé, ó rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ̀rọ ń jò! Ó gbé e padà pẹ̀lú ìbínú. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn tún un ṣe. Aránṣọ tún wá lọ́jọ́ kejì, ó lóun wá bú u. Èébú yẹn ni wọ́n ń bú lọ títí ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́.

"Olóríkunkun mi," ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ kan, "jẹ́ ká fẹ́ra."

"Ó kù sọ́wọ́ ìyá mi."

Aránṣọ kò ṣàwàdà o. Ìyá yẹn nìkan ló tọ́ ọ dàgbà. Bí ìyá bá kọ̀, kò ní fẹ́ ẹ, bó ti wù kó dùn ún tó.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà lọ kí ìyá, ìyá se kọfí dè é. Ṣé ẹ rí i, níbi iṣẹ́, ọkùnrin yìí máa ń tọ́ kọfí bí ọgbọ̀n ife wò lójúmọ́, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ti dáa. Tó bá tọ́ ọ wò tán, á tu ú dànù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rí oorun sùn. Ó mu kọfí ìyá lẹ́nu kan, ó yíjú, ó tu ú sínú ìkòkò òdòdó. Yéè!

"Jáde!" ni ìyá wí. "Ṣé májèlé ni mo fún ọ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ló jẹ́ kó mọ́ mi lára."

"Jáde nílé mi!"

Odindi oṣù méjì, ìyá kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì lọ wá ẹ̀rọ tí wọn yóò lò bí ìyá bá gbà. Ìjà tún dé.

"Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fa irin rẹ̀ ló dáa. Èyí tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnì yẹn, ti ọ̀lẹ ni," ni ọkùnrin náà wí.

"Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ni mo fẹ́."

"O ò mọ ẹ̀rọ!"

"Mo mọ ìyá mi! Ìka rẹ̀ ò lè fa irin mọ́. Bí kò bá ní bá wa gbé, n ò lọ síbì kankan."

"Ìyá tó lé mi jáde yẹn?"

"Òun náà."

Inú ń bí ọkùnrin náà, ó hàn lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ra èyí tí wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá.

"Kí lẹ tún gbé wá?" ni ìyá wí.

"Ẹ̀rọ tí ẹ máa lò nílé wa ni, Màmá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá le jù fún yín, màá lọ pààrọ̀ rẹ̀," ni ọkùnrin náà wí.

Ìyá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Kọfí jáde. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ó korò," ló wí. Ó gbé ife sílẹ̀. "Yàrá tí ẹ fẹ́ kó mi sí, ṣé oòrùn àárọ̀ ń wọ ibẹ̀?"

Aránṣọ bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà la ẹnu láti dúpẹ́, ìyá dá a dúró.

"Panu mọ́. N ò tíì dárí jì ọ́ o. Ọmọ mi ni mò ń bá lọ. Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."