Ohùn Mẹ́ta fún Mọ́tò Pupa

"Tẹ iná!" Kíákíá pariwo. Ọlọ́dà sì tẹ iná.

Mọ́tò pupa kékeré tó wà lójú ẹ̀rọ fò síwájú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni orin sì sọnù. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dákẹ́ o. Ohùn méjì ṣì ń sáré kiri bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ fi sílẹ̀ nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ohùn tó ń gbé orin náà lọ gan-an, ẹ́ńjìnnì ti gbé e mì káló.

"Dá a dúró," ni Elétí wí.

Ọlọ́dà yọwọ́. Mọ́tò dúró, ẹ́ńjìnnì panu mọ́, orin sì padà dé wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó tán nìyẹn," ni Kíákíá wí. "Ká kàn bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má wa mọ́tò náà."

Ẹ̀rín pa Ọlọ́dà. Kò pa Elétí.

Kíláàsì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Kíákíá ló ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé; ó lè parí iṣẹ́ kí o tó ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún fún un tán. Ọlọ́dà ló ya mọ́tò, igi àti òkè ojú ọ̀nà. Elétí ló ni orin. Etí rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn: láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ní òun kò lè yọ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mọ́.

Géèmù tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe tuntun. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ti wá, ní ilé géèmù ẹ̀gbọ́n bàbá Elétí, obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onímọ́tò, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi gbogbo. Ẹ̀rọ náà ní àga bíi ti inú mọ́tò, ó ní sítíárìn, ó ní ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ iná. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti Elétí lọ́nà méjì. Orin rẹ̀ ní ohùn mẹ́jọ: èyí tó ń sáré, èyí tó ń fò, èyí tó ń kùn nísàlẹ̀ bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Inú orin yẹn ni Elétí dàgbà sí. Kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ̀ ọ́n kọ.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn ti fi àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àtijọ́ to àwọn ẹ̀rọ kékeré jọ, irú èyí tí àwọn èèyàn ń lò nílé láyé ijọ́un. Ó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, ó ní kí wọ́n kó géèmù àtijọ́ kan wọ inú rẹ̀ fún ọjọ́ àfihàn. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: "Ohun tá a bá rí, ohun tá a bá gbọ́, inú ẹ̀rọ yìí ni kó ti jáde." Ohùn mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà sì ní, fún orin, fún ẹ́ńjìnnì, fún ìgbà tí mọ́tò bá forí sọ igi. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe é dáadáa jù ni yóò ṣojú iléèwé níwájú àwọn iléèwé tó kù.

Elétí ti fọ́nnu. Ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì, ó tún lọ sọ ọ́ fún Ìyá Onímọ́tò fúnra rẹ̀, pé òun máa rọ ohùn mẹ́jọ sínú mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé márùn-ún sọnù. Ó sì rọ ọ́ lóòótọ́. Oṣù kan gbáko ló fi rí i pé bí ohùn kan bá ń fò láàárín ibi mẹ́ta kíákíá, etí á rò pé ẹni mẹ́ta ló ń kọrin. Etí ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ lójú ẹ̀rọ. Kò fìgbà kan rántí pé wọ́n máa wa mọ́tò.

"Gbé orin kúrò lójú ọ̀nà ẹ́ńjìnnì," ni Ọlọ́dà dábàá. "Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gba ohùn ìsàlẹ̀."

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Orin dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò gbé e ró nísàlẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń kùn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọjọ́ àfihàn pé.

Kíákíá ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ilé géèmù níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. "Ẹ gbọ́. Tí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó sórí ẹ̀rọ ńlá, ó máa ń kọrin fúnra ẹ̀, àbí? Ká fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ká so fóònù mọ́ sípíkà, ká tì í sínú àpótí ẹ̀rọ wa. Ta ló máa tú u wò?"

"Olùkọ́ ní..."

"Olùkọ́ ní ká *gbọ́* ọ láti inú ẹ̀rọ. Inú ẹ̀rọ náà ló máa wà!"

Elétí wo Ọlọ́dà. Ọlọ́dà wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Elétí rántí ẹnu tó ti fọ́n káàkiri. "Ó dáa," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré.

Wọ́n gba orin náà sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Wọ́n gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ gaara, wọ́n sì dé àpótí. Wọn ò tíì di ìdè kan tán tí Ìyá Onímọ́tò fi wọlé, tí ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ọmọ mi, orin tó o ní mo máa gbọ́ dà?"

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ kékeré náà, ó di ọ̀pá ìdarí rẹ̀ mú, ó tẹ iná. Kíákíá yọ́wọ́ sábẹ́ ìdérí àpótí, ó tan fóònù. Orin jáde, ohùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Obìnrin náà ń mi orí. "Hẹn ẹn! Hẹn ẹn! Ọwọ́ ẹ ló ṣe èyí?"

"Iṣẹ́ gbogbo wa ni, Màmá," ni Elétí wí. Ìyìn náà ń jó o lójú bí ọṣẹ.

Nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè wa mọ́tò yẹn ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó ta sí kòtò. Ìyá Onímọ́tò ń kọ́? Ó gba ọ̀nà kìíní kọjá bí ẹni ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gba ọ̀nà kejì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìparí ọ̀nà kẹta nígbà tí ohùn kan bú jáde láti inú àpótí, tòun torin:

"Ìwọ oníbàtà ẹlẹ́rẹ̀ yìí, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí àga mi! Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbá ni?"

Ìyá Onímọ́tò wẹ̀yìn. Kò sẹ́nìkan. Ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo àpótí, ó gbé ìdérí rẹ̀, ó sì yọ fóònù jáde, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń jágbe nínú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́ tán, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Orin tèmi ni mo gbọ́ yìí, Elétí. Tìẹ ni mo wá gbọ́." Ó gbé fóònù sórí tábìlì. "N kò ní bá olùkọ́ yín sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ lẹnu." Ó sì jáde.

"A dúpẹ́!" Kíákíá mí kanlẹ̀. "Wọn ò ní sọ. Màá gé ibi tí wọ́n ti pariwo yẹn kúrò. Ìṣẹ́jú kan péré."

Elétí ń wo fóònù náà. Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe pé wọ́n ká a mọ́. Ó ti fi oṣù kan ṣe iṣẹ́ gidi, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tì í sẹ́yìn. "Má gé nǹkan kan," ló wí. "Mi ò tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Màá sọ fún olùkọ́."

"Wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Kí wọ́n ṣe é."

Kíákíá gbá ilẹ̀kùn lé wọn lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Elétí. Lẹ́yìn náà ló yọ máàkì mẹ́wàá, ó sì gbé tábìlì wọn kúrò láàárín gbọ̀ngàn àfihàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá ìwé. Elétí kò jiyàn. Nígbà tí iléèwé parí, ó gba ilé géèmù lọ.

"Ìwọ," ni Ìyá Onímọ́tò bi í, "ṣé o ti wa ẹ̀rọ ńlá yìí rí?"

Elétí ronú. Láti kékeré ló ti ń dúró tì í. "Mi ò wà á rí, Màmá. Mò ń gbọ́ ọ ni."

"Jókòó."

Ó ta sí kòtò lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Lẹ́ẹ̀kẹwàá, tó tẹ iná, tó sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń gòkè, ó yọ ẹsẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kíkùn yẹn kì í ṣe ariwo lásán. Ohùn ni. Ó ga, ó sì ń wálẹ̀ bí ohùn èyíkéyìí, àfi pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lórin. Láàárín ohùn mẹ́jọ, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ilé tó gba ẹni mẹ́ta péré, kò sáyè fún ẹni tí kò ní kọrin.

Ó sáré dé ilé Kíákíá, èémí rẹ̀ ń já. "Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kọ ohùn ìsàlẹ̀! Tí wọ́n bá tẹ iná, ibi tí orin bá wà ni kó kùn sí."

Kíákíá ṣì ń bínú. Ó bínú fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. "Kí ẹ́ńjìnnì máa kọrin," ló wí, ó ń yún orí. "Ìyẹn... ìyẹn ò le púpọ̀. Wọlé, jàre."

Lọ́jọ́ àfihàn, àwọn tó ń wọlé ló kọ́kọ́ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nítorí pé ibẹ̀ há. Lẹ́yìn náà, wọn ò lọ mọ́. Ọmọ kan wakọ̀, ẹ́ńjìnnì kùn, orin sì fẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń tẹ iná ni òun fúnra rẹ̀ ń bá wọn kọ ọ́, kò tilẹ̀ mọ̀. Ọlọ́dà ní láti máa to àwọn èèyàn sórí ìlà.

Nígbà tó kan Ìyá Onímọ́tò, ó gba ọ̀nà kìíní, ó gba ìkejì, ó gba ìkẹta, òun ló sì wà níwájú gbogbo mọ́tò. Lójijì ló yọ ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ sì padà bọ́ sáyè rẹ̀ jẹ́ẹ́, láìsí ẹni tó gbọ́ ibi tí ó ti gba orin lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn mọ́tò yòókù ń kọjá lára rẹ̀, ọ̀kan, méjì, márùn-ún. Àwọn ọmọ ń pariwo pé, "Màmá, ẹ tẹ iná! Wọ́n ti ń yà yín sílẹ̀!" Obìnrin tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíwájú òun rí jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ orin títí ìje fi parí.

Ẹgbẹ́ mìíràn ló lọ ṣojú iléèwé. Máàkì mẹ́wàá yẹn ló gbé wọn lọ sípò kejì, olùkọ́ kò sì fi bò. Ó dun Kíákíá wọ eegun. Ó dun Elétí náà, ṣùgbọ́n ìrora ọ̀hún kò rí ibi jókòó, nítorí ọ̀gá iléèwé ti dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀rọ, ó ń béèrè ẹni tó ṣe orin.

"Èmi ni, Mà," ni Elétí wí. Ó gbójú sókè wí i. "Kíákíá ló kọ́ ẹ́ńjìnnì lórin."

Ìgbà yẹn ló yé e pé ìyìn tí èèyàn kò ṣiṣẹ́ fún kì í ṣeé gbà lójú korojú, bó ti wù kó dùn tó. Èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, ìbáà jẹ́ ohùn mẹ́ta péré, ìbáà jẹ́ ipò kejì, orí wa lè wú lórí rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Orí Elétí sì wú. Ó wú débi pé Ọlọ́dà ní kó rọra, kó má lọ há sẹ́nu ilẹ̀kùn.