Ìwé Nílé Aláró

Ọwọ́ ni Tsona kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú: ọwọ́ méjèèjì tí aró kùn títí dé ìgbọ̀nwọ́, lórí káńtà tí bàbá rẹ̀ ti ń ta ọṣẹ àti àbẹ́là ní ìlú Kotel.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá ìwé."

Lẹ́yìn ọṣẹ ni pẹpẹ ìwé ìlú wà, ìwé ogójì péré, Tsona ló sì ń mójú tó o. Ó gbójú sókè. Ojú ọ̀dọ́kùnrin náà dára, ìtìjú sì kún inú rẹ̀.

"Ẹ ò ní fi aró ba ìwé jẹ́ fún mi o."

"Mo ti fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Èwo lẹ fẹ́?"

Miho ọmọ aláró wolẹ̀. "Èyíkéyìí. N ò mọ̀wé kà. Mo rò pé bó bá ti wà lọ́wọ́ mi, ojú á tì mí débi tí n ó fi kọ́ ọ."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Tsona, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. N ó kọ́ yín."

Kí yìnyín ìgbà òtútù tó yọ́ tán, Miho ti ń ka odindi ojú ìwé.

"Ìwé ni kó o wò, kì í ṣe ojú mi," ni Tsona máa ń wí.

"Ojú rẹ ló rọrùn láti kà jù, olólùfẹ́ mi."

Nencho, bàbá Tsona, gbọ́. Ọmọ oníṣòwò irun àgùntàn ló ti ń wò fún un láti fi ṣe ọkọ.

"Aláró! Ilé tó ń rùn bí ìtọ̀! Ìwé ló fa gbogbo èyí. Kí pẹpẹ yẹn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi lónìí!"

Tsona ò sunkún. Ó di ìwé sínú aṣọ, ó gbé e pọ̀n, ó sì la àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan, lẹ́ẹ̀mẹta.

"Tsona, ṣé ọkọ lò ń lọ fẹ́ ni?" ni àwọn tó ń pọnmi ń pariwo.

"Ìwé ni mò ń kó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, ilé aláró ni kó wá!"

Nírọ̀lẹ́, ó padà wá dáná fún bàbá rẹ̀. "Ilé yín ni mo wà, Bàbá. Ṣùgbọ́n n ò ní fẹ́ ọmọ oníṣòwò yẹn."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jẹun láìsọ̀rọ̀. Nencho ò mọ̀wé kà. Tsona ló máa ń kàwé sí i létí tẹ́lẹ̀, àìgbọ́ ọ sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó yọ sílé aláró. Miho ń kàwé fún èrò tó jókòó lórí ìdì aṣọ. Bó ṣe rí Nencho, ó dáwọ́ ìwé kíkà dúró.

"Kí ló dé?" ni Nencho wí. "Máa kà á lọ."

Miho pa ìwé dé. "Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ Tsona. Ọwọ́ yín ni mo sì fẹ́ gbà á."

Tsona dìde, ó dúró tì í. "Bí ẹ bá kọ̀, Bàbá, a ó tún bèèrè lọ́dún tó ń bọ̀. A ó máa bèèrè lọ́dọọdún ni."

"Ọdún mélòó lo rò pé ó kù fún mi láyé?" Nencho nu ojú rẹ̀. "Agídí ìyá rẹ gan-an nìyí. Miho, ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ gbé wáìnì ìdána wá bá mi lọ́la."

Lẹ́yìn ìkórè àjàrà ni wọ́n so Tsona àti Miho pọ̀. Nencho, tí kò jó láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ló ṣíwájú ijó.