Fìlà Tí Kò Níná

Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù tí akunlé fi já bọ́ láti òkè kẹta. Garawa ọ̀dà funfun rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀, òun náà tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, kò ké "ẹ gbà mí". Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni, "Ẹ̀bi mi ni. N ò gbà á gbọ́ tó."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, rí oorun sùn. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti yọ̀ lórí àkàbà lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀rù òkè ti gbé e dè. Akunlé tí kò lè gòkè, ògiri wo ni yóò kùn? Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Má-fòyà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí mọ iyì ara rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ mẹ́fà ló wà lára ògiri yàrá kan ṣoṣo, ó sì fọwọ́ ti àgbọ̀n nínú gbogbo wọn. Awò ojú rẹ̀ kò ní díńgí, síbẹ̀ kì í yéé nù ún. Yóò dé fìlà rọ́bà kan sí ọ lórí, wáyà yọ jáde lára rẹ̀ bí irun àgbàdo. Yóò tẹ bọ́tìnì, iná pupa yóò tàn, yóò sì rọra sọ pé, "Iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti ń fọ ẹ̀rù kúrò nínú ọpọlọ yín." Ní ìgbà kẹta tí akunlé lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ẹ̀rù ti tán. Tú okùn ìbàdí tí o fi ń gòkè yẹn jù nù. Ẹni tó bá ṣì ń so okùn kò gba ìwòsàn gbọ́."

Oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn ńlá lọ, ó lọ béèrè bóyá iná lè wo ẹ̀rù sàn lóòótọ́.

"Òótọ́ ni pé à ń dán an wò níbí," dókítà obìnrin kan dá a lóhùn. "Iná tó rọra ni, a ó sì máa mú aláìsàn sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, títí ọpọlọ rẹ̀ yóò fi gbàgbé ìpayà náà. Kì í yá. A ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó tú okùn."

"Ẹ mọ ọkùnrin kan tó ń nu awò tí kò ní díńgí?"

Ojú dókítà korò. "Ó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn níbí tẹ́lẹ̀. Fìlà wa kan sọnù lọ́jọ́ tó lọ."

Oníṣẹ́ iná kì í fi gílóòbù tó tàn mọ̀ pé iná wà. Mítà tó fi ń wọn iná nìkan ló gbà gbọ́. Ó fi mítà sínú àpò, ó ki wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ ìborùn títí dé orí, ó lọ jókòó sábẹ́ fìlà.

"Ẹ̀rù kí ló ń bà yín, mà?"

"Ẹ̀rù òpùrọ́, sà."

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń rìn yín wìnnìwìnnì? Ó ti ń lọ nìyẹn."

Ó yọjú wo inú àpò. Òdo ni mítà dúró lé.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín ya ẹnu. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Iná ò gbé yín, ẹ wá fẹjọ́ sùn?"

Obìnrin náà gbé mítà sórí tábìlì, ó tẹ́ àwòrán eegun ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kú.

Má-fòyà rí obìnrin náà àti àwọn ọlọ́pàá láti òkèèrè. Ó bẹ́ gba fèrèsé ẹ̀yìn, ó gba abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá kọjá, ó já sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Ọlọ́pàá kan rá kóòtù funfun rẹ̀ mú. Kóòtù nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni ti dé ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kan tó ti kú. Ọgbà ibẹ̀ kò ga ju àyà lọ, títì ńlá wà ní òdìkejì, bọ́ọ̀sì sì ń kó èrò. Ṣùgbọ́n wáyà wà lórí ọgbà náà, pátákó sì wà lára rẹ̀: EWU! INÁ! Ó na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún nà án, ó tún fà á padà.

"Fò ó, Ọ̀jọ̀gbọ́n!" oníṣẹ́ iná kígbe. "Àbí ẹ̀rù ò tíì tán?"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Obìnrin náà fi mítà wọn wáyà, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ lásán dì í mú. "Èmi ni mo gé iná rẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

"Kí ló dé tí kò sí iná nínú fìlà?" ọ̀gá ọlọ́pàá bi í ní àgọ́.

"Iná gbé mi rí ní kékeré, sà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ń tan iná pupa ni agbára mi mọ. Ìyókù, mo gé e."

"Ìwọ ń sá fún wáyà, o ní kí ọmọ ọlọ́mọ tú okùn?"

Má-fòyà fẹ́ nu awò rẹ̀. Ìka rẹ̀ yọ sí òdìkejì. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Inú àwọn tó lù ní jìbìtì dùn, àfi olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rù afárá ló gbé e lọ sọ́dọ̀ Má-fòyà, orí afárá ló sì gbà wá jẹ́rìí. Bó ti gbọ́ pé kò sí iná nínú fìlà, kò lè gba ibẹ̀ padà mọ́. Ọlọ́pàá ló fà á lọ́wọ́ kọjá, ó di ojú pinpin.

Oníṣẹ́ iná jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀.

"Kò sí iná kankan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Rárá. Ẹ̀bi rẹ kọ́."

Akunlé mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù fún.

"Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo já bọ́, mo fi okùn gòkè dé òkè kejì, ẹ̀rù ò bà mí. Ta ló wá gbé mi gòkè?"

"Ìwọ náà ni."

Akunlé wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nínú símẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi dì wọ́n.

"Mo ti mọ̀ ọ́n gùn nígbà náà," ó ní. "Okùn yẹn nìkan ni kò yẹ kí n tú."