Ẹni Tó Jí Gbọ̀ngàn Ìpàdé Gbé

Rúlà gbọn páìpù tó ń kó àwòrán rẹ̀ sí títí, ìwé kan ò já bọ́ níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ìpàdé tó fi oṣù mẹ́jọ fọwọ́ yà ti lọ, àárọ̀ yìí gan-an sì ni àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ilé yíyà fẹ́ wò ó. Ẹni tí kò bá gbé iṣẹ́ wá yóò tún ọdún ìkẹyìn kà. Inú bí i gan-an. Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, níbi tí gbogbo kíláàsì ti ń tẹ àwòrán.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló tẹ àwòrán ńlá níbí láàárọ̀?"

"Bọ̀dá Dáadáa. Àwòrán gbọ̀ngàn kan. Ó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ igun, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀."

Bọ̀dá Dáadáa, àgbà kíláàsì! Lánàá ló jókòó tì í, tó ń wí pé, "Dáadáa ni, àbúrò mi." Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Rúlà bẹ́ síta, atẹ̀wé tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n já wọ kíláàsì, àwòrán ti wà lára ògiri, olè ti ń ṣàlàyé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, tèmi ni," Rúlà ké.

Bọ̀dá Dáadáa rẹ́rìn-ín. "Ṣé ara ẹ yá, àbúrò mi?"

Olùkọ́ àgbà, obìnrin tí kì í pariwo, kọjú sí Bọ̀dá Dáadáa. "Kálukú ló yan ilẹ̀ tí yóò kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Báwo ni ilẹ̀ tìẹ ṣe rí?"

"Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni, mà."

"Kí ló dé tí ògiri òsì fi tẹ̀ wọnú, tó gba àyè àga méjìdínlógún?"

"Fún... fún ẹwà ni, mà."

"Rúlà?"

"Àpáta ló wà níbẹ̀, mà. Mi ò fẹ́ fọ́ ọ, mo wá tẹ ògiri yí i ká. Bọ̀dá Dáadáa pa àpáta rẹ́, ó gbàgbé ògiri."

Bọ̀dá Dáadáa ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Atẹ̀wé ti dí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lo kó àwòrán mi sí?" Láti ọdún márùn-ún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Rúlà ò bọ̀wọ̀ fún un.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń tún ọdún ìkẹyìn kà. Mi ò rí nǹkan kan yà mọ́."

"O wá ní kí n máa tún tèmi kà."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ mú un lọ kó àwòrán náà wá, lẹ́yìn náà, wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Rúlà nu eruku kúrò lára ìwé rẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i.

"Ó yá," olùkọ́ àgbà wí, "mú wa wọlé."

Rúlà bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà.