Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀ Onífótò

Sípíkà tuntun mẹ́rin ni Elétí-Ọfẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ ọkọ̀ tí onífótò kan gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó fi orin obìnrin akọrin kan dán wọn wò. Mẹ́ta ń dún bó ṣe yẹ. Èyí tó wà lẹ́yìn lápá òsì ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ó kọ́kọ́ rò pé wáyà ni. Ó tú u, ó tún un dè. Ó gbé sípíkà ọ̀tún sí òsì, ó gbé tòsì sọ́tùn-ún, àmọ́ èyí tó ń dún gaara tẹ́lẹ̀ dé òsì tán, ohùn òun náà bá wọlẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń fi Elétí-Ọfẹ ṣẹ̀fẹ̀ pé ó lè gbọ́ ìró iyọ̀ tó ń yọ́ lọ́bẹ̀, torí náà ó mọ ohun tó ń gbọ́. Bí ìjókòó bá ṣófo, ohùn á ta padà lára ẹ̀. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, ara onítọ̀hún á mu díẹ̀ nínú ohùn náà. Ohùn ìjókòó tí èèyàn wà lórí ẹ̀ ló ń gbọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀.

Ó gbójú sókè. Onífótò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ gbera. Wọ́n ti fún un ní àga, kò jókòó. Ìjókòó ẹ̀yìn ló tẹjú mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kó ẹrù sí búùtù ni?"

"Rárá. Ẹ ṣí i wò." Ó tètè fèsì, bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà. "Ẹ ò ní fi orin yẹn sí sípíkà ńlá inú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi wé e?"

Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ bí ìgbà mẹ́ta láti ìgbà tó ti dé. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Elétí-Ọfẹ. Ó ṣí búùtù, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá lọ pe ìyàwó ẹ̀, tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wò ó títí, ó na ọwọ́ kan ìjókòó. Ó fa ọkọ ẹ̀ lápá aṣọ lọ sídìí máṣíìnì.

"Bàbá Ìbejì, fóòmù yẹn kò tíì gbó," ó rọra sọ. "Ó yẹ kó wú. Àmọ́ ó tẹ̀ wọlẹ̀ lápá òsì, bí ìgbà téèyàn bá jókòó lé e. Ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Elétí-Ọfẹ kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Kí ọkùnrin náà ṣáà lè máa lọ, ó fi orin náà sí sípíkà ńlá. Ohùn obìnrin akọrin náà kún inú ṣọ́ọ̀bù, ó dùn débi tí ẹni tó ń kọjá lójú títì fi yí orí padà.

Ọkọ̀ náà dún kẹ̀ẹ́. Apá òsì ẹ̀yìn gbéra díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, sípíkà òsì mọ́ gaara bíi ti àwọn yòókù.

Onífótò mí kanlẹ̀. Ó sáré wọ ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Elétí-Ọfẹ di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n." Ọkùnrin náà kò wo ojú ẹ̀. "Inú ọkọ̀ ni mo bá wọn nígbà tí mo rà á. Wọ́n fẹ́ràn orin. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ló ní bí wọ́n bá gbọ́ èyí tó dùn ju tinú ọkọ̀ lọ, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ forí jì mí." Ó já ilẹ̀kùn gbà, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí Elétí-Ọfẹ yíjú padà, ohùn sípíkà ńlá ti wọlẹ̀ lápá kan. Lórí ìjókòó tí ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, fóòmù ń rọra tẹ̀ wọlẹ̀.

Ó na ọwọ́ kó pa orin. Ìyàwó ẹ̀ gbá a mú.

"Má pa á," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Orin ni wọ́n ń gbọ́. A ò mọ ohun tí wọ́n máa fẹ́ bí kò bá sí orin mọ́."

Ó kọjú sí ìjókòó náà, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o."

Akọrin náà ti dé ìlà tó kẹ́yìn nínú orin náà.